Òkè Tó Wà Nínú Àmì

Lásìkò tí òtútù Jos bá ń mú wa gbọ̀n báyìí, kò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò ti ní rí jákẹ́ẹ̀tì gwanjo, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní òkìrìkà, tí ìlà mẹ́ta títẹ̀ wà láyà rẹ̀. Àwọn kan rò pé òṣùmàrè ni. Rárá o, àpáta ni.

Ti The North Face ni àmì náà, ilé-iṣẹ́ tí Douglas Tompkins àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1966. David Alcorn ló yà á ní 1971. Half Dome ní Yosemite, California, ló fi ṣe àwòkọ: ẹ̀yìn àpáta náà rí roboto, iwájú rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la àkàrà sí méjì.

Ẹ wo ohun tí ayàwòrán náà yọ sílẹ̀. Kò sí igi, kò sí ìkùukùu, kò sí ẹni tó di okùn mú. Ẹ̀rọ ni yóò rán àmì náà sára aṣọ, bóyá kó má fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Bí ìlà bá ti pọ̀ jù, òwú á dì wọ́n pọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé dá mọ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, lára àgọ́ tàbí lára bébà.

Yvon Chouinard ní tirẹ̀ ti ń rọ irin agunpáta kó tó dá Patagonia sílẹ̀ ní 1973. Òkè Fitz Roy, ní ààlà Argentina àti Chile, ló wà nínú àmì tiwọn. Òun àti Tompkins yìí kan náà wà lára àwọn tó lọ gun òkè náà ní 1968. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí. Ẹni tó ti dé Fitz Roy yóò dá ṣóńṣó orí rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n òkè onígun mẹ́ta lásán, tí kò sí níbì kankan láyé, wọ́n lè fi ta bisikíìtì.

Síbẹ̀, àmì kò lè gbé ènìyàn dúró. Jákẹ́ẹ̀tì ayédèrú lè gbà wá lọ́wọ́ ọyẹ́. Okùn ayédèrú, ikú ni. Nítorí náà, àmì ìdánwò UIAA, àjọ àgbáyé àwọn agunkè, ni kí ẹ wá lára okùn. Lára irin ìkọ́ tí wọ́n fi ń so okùn, nọ́mbà wà tó ń sọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ayàwòrán tó bá fi ọ̀ṣọ́ bo nọ́mbà yẹn mọ́lẹ̀ kò mọ iṣẹ́.

Bí àwọn tó ń gun òkè Shere nínú wa bá fẹ́ ní àmì tiwọn lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má ya òkè tí yìnyín bò lórí. Èwo ni ti yìnyín ní Plateau? Riyom wà nítòsí, àwọn àpáta tó gun orí ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn to ìkòkò. Ọmọdé lè fi èédú yà á sára ògiri. Ẹnìkan á ní Olúmọ ńkọ́? Olúmọ dára, ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí síhìn-ín, Riyom la máa ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀.