Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tí kò dunni: ẹ má fi ṣeré o

Bí eyín bá ń dun èèyàn lóru, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó tó wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó yẹ kó máa bà wá lẹ́rù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tí kò dun ẹni tó ni ín rárá. Á ní òun ń sanra ni, àwọn ará ilé á ní ó yẹ ẹ́, ọdún kan á lọ, ọdún kejì á tẹ̀ lé e, kókó náà á sì máa ga sí i.

Ọ̀kan wà nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ táwọn dókítà ń pè ní ameloblastoma. Inú eegun àgbọ̀n ló ti ń hù, látara ohun tó ń di eyín. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, pàápàá lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 20 sí 40, kì í sì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ eegun látinú. Ẹ lè kọ́kọ́ rí i pé eyín tí kò jẹrà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á yọ eyín tó ń mì, wọn ò ní ya àwòrán eegun abẹ́ ẹ̀, kókó á sì máa bá tiẹ̀ lọ.

Dókítà tọ́rọ̀ yìí kàn ni dókítà eyín tó tún lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n. Irú wọn wà ní UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH n'Íkẹjà àti ọsibítù fásitì ní Ilé-Ifẹ̀. Dókítà eyín àdúgbò yín lè kọ ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, wọ́n á mú ọ̀bẹ o! Wọ́n á yẹ ẹnu yín wò, wọ́n á ya àwòrán eegun, wọ́n á sì bu díẹ̀ lára kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ohun tó ń ṣe yín, ibi tí wọ́n máa gé dé, àti ohun tí wọ́n máa fi dí àlàfo. Ameloblastoma tí wọ́n kàn ha kúrò lè padà wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń gé díẹ̀ kún un lára eegun tó yí i ká. Bó bá ṣì kéré, èyí tí wọ́n máa gé kéré. Bó bá ti gbilẹ̀, ó lè gba ìdajì àgbọ̀n, kí wọ́n wá fi irin tàbí eegun ìbàdí rọ́pò ẹ̀. Owó méjèèjì ò tiẹ̀ jọra.

Ẹ̀yin òbí, tọmọdé tún yàtọ̀. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá ń wú kíákíá, tí eyín ẹ̀ ń mì, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n fi orúkọ Denis Burkitt pè, dókítà tó kọ̀wé nípa ẹ̀ láti Uganda lọ́dún 1958. Oògùn ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì ń gbọ́ oògùn bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Ẹ̀yin àgbà, egbò ẹnu tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 3 tí kò jinná, ẹ lọ fi hàn wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi aáṣáà sẹ́nu, tẹ́ ẹ ń mu sìgá tàbí ọtí. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti eegun. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì ni akokoro tó mú kí abẹ́ àgbọ̀n wú, tí ahọ́n ń gbé sókè, tí olúwarẹ̀ ò lè gbé itọ́ mì, tí mímí sì ń nira. Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lóru ọjọ́ náà, kó jókòó nínú mọ́tò, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja.