Bàtà Tó Lanu Kò Tíì Kú

Ní oṣù tó kọjá, mo yọ bàtà dúdú kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti fi lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti rà á, mi ò sì rò pé mo ti wọ̀ ọ́ ju ìgbà mẹ́fà lọ, torí bàtà òde ni mo pè é. A ò tíì rìn dé ibojì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Mò ń fi èérún dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbin àgbàdo lọ. Ọmọ-ọmọ mi tó di ọwọ́ mi mú ló kọ́kọ́ rí i: "Bàbá àgbà, bàtà yín ń dà sílẹ̀ o." Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi wọ mọ́tò padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàtà pupa rúsúrúsú tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 18 ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe bí ìgbà márùn-ún, mo sì wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà lánàá. Kí ló dé tí èyí tí mo ń wọ̀ lójoojúmọ́ fi yè, tí èyí tí mo tọ́jú pamọ́ sì run? Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn, pẹ̀lú bí ẹnikẹ́ni ṣe lè tún bàtà ṣe nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ìfẹ̀yìntì bíi tèmi mọ̀ pé owó bàtà tuntun kì í ṣe owó kékeré mọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún

Bí nǹkan kékeré bá ti ṣe bàtà, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé "ó ti bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń ná wa lówó. Ẹni tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní ara òun ò yá kò tíì sọ nǹkan kan. Dókítà á bi í pé ṣé orí ni àbí inú. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ má bínú bí mo bá fi ojú yẹn wo bàtà. Àwa tí a ń sọ èdè yìí ti pín àìsàn bàtà sí ọ̀nà márùn-ún: bàtà lè lanu, ó lè já, ó lè ya, ó lè jẹ, ó sì lè rún. Ìtọ́jú wọn ò jọra. Bí ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tiyín mu, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ó lanu

Bàtà lanu nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣí kúrò lára awọ òkè, pàápàá níwájú, níbi tó ti máa ń tẹ̀ bí a bá ń rìn. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ló kú, bàtà fúnra rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ra super glue, a kán an sí i, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń le gbagidi bó bá gbẹ, ohun tó bá sì le gbagidi kì í tẹ̀. Ibi tí bàtà ti ń tẹ̀ náà ni yóò ti kán lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ rà ni gọ́ọ̀mù aláwọ̀ oyin tí àwọn ṣúméékà ń lò, tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà lẹ́yìn tó bá gbẹ.

Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí yóò fi rí ṣákaṣàka. Àwọn agbẹ́gilére máa ń fi ewé eépín ha igi kó lè dán; òdìkejì rẹ̀ làwa ń wá, kí ojú rẹ̀ má dán, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú. Ẹ nù ún dáadáa, kí omi tàbí òróró má ṣẹ́ kù sí i.

Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú méjèèjì, kì í ṣe ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun olómi tó wà nínú gọ́ọ̀mù yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ ná. Bí ẹ bá pa á dé ní tútù, kò ní rí ọ̀nà jáde, inú á sì máa rọ̀ títí. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí tí ẹ bá fi ìka kàn án tí kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́. Ṣé àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìgbà yẹn lẹ máa gbé ojú méjèèjì ko ara wọn, kí ẹ sì wò ó dáadáa kí wọ́n tó kanra, torí bí wọ́n bá ti pàdé, kò sí pé ẹ ń sún un mọ́. Ẹ fi hámà lù ú káàkiri, ẹ fi rọ́bà tíúùbù dì í gírígírí, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí sítóóvù má sì sí nítòsí. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí ò dáa fún orí, iná sì máa ń tètè ràn mọ́ ọn.

Ó já

Òwú ìránpọ̀ ló já níhìn-ín. Òwú ọ̀rá tó nípọn ni kí ẹ wá, kó gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tí ẹ fẹ́ rán. Ẹ fi ìda oyin tàbí àbẹ́là pa á lára kó má baà tètè fà ya. Abẹ́rẹ́ méjì lẹ máa lò, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun òwú kọ̀ọ̀kan. Inú ihò kan náà ni àwọn méjèèjì yóò gbà, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Bí òwú kan bá já lọ́la, èkejì á ṣì di ibẹ̀ mú. Òwú méjì ni ẹ̀rọ náà ń lò, àmọ́ ńṣe ni wọ́n kàn kọ́ ara wọn lọ́rùn. Bí ọ̀kan bá já, èkejì ò rí ẹni gbára lé mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìránpọ̀ ọwọ́ fi ń pẹ́.

Inú ihò àtijọ́ ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá ń lu ihò tuntun sáàárín wọn, ẹ ó kàn sọ awọ náà di ohun tó rọrùn láti fà ya ni.

Ó ya

Awọ tó ya kì í ṣe ohun tí a ń fà pọ̀ rán, torí yóò tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Lílẹ̀ ló fẹ́. Ẹ gé awọ lára báàgì àtijọ́ kan, kó fi ìbú ìka kan tóbi ju ibi tó ya lọ yí ká, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bàtà, kí ẹ tó rán an láti òkè. Ọ̀rọ̀ kan náà, "lẹ̀", la ń lò fún aṣọ tó ya àti fún gọ́ọ̀mù. Kì í ṣe àìní ọ̀rọ̀; iṣẹ́ kan náà ni.

Ó jẹ

Ẹ dojú bàtà yín dé kí ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìta lẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ kọjá rọ́bà ìsàlẹ̀ yẹn kí ẹ tó ṣe nǹkan sí i. Ẹ yọ rọ́bà náà, ẹ gé òmíràn lára táyà àtijọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bí mo ti ṣàlàyé, ẹ wá kan ìṣó kéékèèké mẹ́rin mọ́ ọn. Kí ìṣó má gùn tó gìgísẹ̀, kó má baà yọ sókè gún yín. Àwọn ṣúméékà ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń fi bàtà lé. Èmi, ọmọ odó ni mo máa ń kì bọ inú bàtà kí n tó gbá ìṣó. Ìyá àwọn ọmọ mi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ó rún

Ọ̀rọ̀ bàtà dúdú mi dé wàyí. Ohun tí wọ́n fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní polyurethane. Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì ní 1937. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàtà fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń já a sí wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì máa ń mú un yá. Ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o, inú páálí tó wà náà ni nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Èmi rò pé mò ń tọ́jú bàtà. Ńṣe ni mò ń jẹ́ kó gbó láì gbádùn rẹ̀. Rọ́bà ni àtẹ́lẹsẹ̀ èyí tó pupa rúsúrúsú, ohun tó fi yè nìyẹn.

Bí ẹ bá ní bàtà tí ẹ fi pamọ́, ẹ lọ fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí. Bí èérún bá ń bọ́ sílẹ̀, tàbí tí ó ti ń sán káàkiri, ẹ má fi gọ́ọ̀mù ṣòfò, torí kò sí ohun tí gọ́ọ̀mù fẹ́ dì mú. Bí kò bá tíì rún, ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ má dúró de òde.

Kì í ṣe pé òun náà kú tán o. Mo gbé bàtà dúdú yẹn lọ sọ́dọ̀ ṣúméékà tó wà ní ìta àdúgbò wa. Mo ní, "Ẹ bá mi wò ó, ó ti bàjẹ́." Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Rárá o, Bàbá, ó rún ni. Awọ òkè ṣì dáa. Ẹ jẹ́ n fi rọ́bà sí i." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló lò, ó sì ti mọ ohun tó máa ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ gbà á. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì sí òde kankan tí mò ń lọ.