Àpótí ọta ìbọn àtijọ́: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó lé e

Ẹni tó bá ti ná ọjà àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Jakande, Lẹ́kí, mọ̀ pé ère, ìlẹ̀kẹ̀ àti báàgì awọ ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà lè dédé béèrè ohun èlò àwọn ológun àtijọ́, irú bí àpótí awọ tí sójà ń kó ọta ìbọn sí, tó ń so mọ́ bẹ́líìtì.

Owó wà níbẹ̀ fẹ́ni tó bá mọ ojúlówó. Àmọ́ ẹni tó bá sáré fi pólíìṣì bàtà kùn ún kó lè máa dán, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba ọjà jẹ́. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ kì í wá èyí tó ń dán. Àpá ogun ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rà.

Okùn tí wọ́n fi rán an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Okùn ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n ń lò láyé ọjọ́un; nílọ́ọ̀nù kò tíì dé ọjà kó tó di ọdún 1938. Bí okùn bá ti já níbì kan, ẹ mú èyí tó ti bọ́, kẹ́ ẹ dáná sun ún níta, jìnnà sí àpótí náà. Bó bá yọ́ tó sì dì bí ọ̀rá, okùn tuntun ni. Ìyẹn ò ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ayédèrú o, ó lè jẹ́ pé wọ́n tún un rán ni. Ẹ ṣáà jẹ́ kí oníbàárà mọ̀.

Ẹ wá ṣí ìdérí rẹ̀. Awọ tí oòrùn kò rí máa ń yàtọ̀ sí tìta, ẹ̀yìn tó ń fara gbo sójà sì máa ń dán ju iwájú lọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí bákan náà nínú lóde, ẹ fura, wọ́n lè ti rẹ ẹ́ sínú aró. Níbi tí idẹ ti kan awọ, nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìda sábà máa ń hù níbẹ̀. Tàwọn Gẹ̀ẹ́sì a tún máa ní àmì tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ pẹ̀lú lẹ́tà W àti D. Àmì nìkan ò tó ṣá o. Ta ni kò lè lu irú ẹ̀ sára awọ tuntun?

Bí awọ bá ń kù lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun pupa, ẹ má fi omi kàn án, á túbọ̀ bàjẹ́ ni. Aṣọ òwú tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ òkun agbègbè wa yìí, á bu.

Bí ẹ bá bá ọta nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má tà á. Kíkó ọta pamọ́ láìní ìwé àṣẹ lòdì sófin. Ẹ pe ọlọ́pàá.

Òfin mìíràn tún wà, Decree 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa ṣáájú 1918, aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú láìní ìwé. Àpò ọta tí jagunjagun Ìbàdàn tàbí Èkìtì gbé lọ sógun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, lè bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Èyí tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni aṣọ́bodè pápákọ̀ òfuurufú ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ béèrè ìwé kí oníbàárà tó wọ bààlúù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Ajah, ẹ tètè jáde o. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn ò mọ̀ pé ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba.