Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Bá Yọ̀ Ní Ṣọ́ọ̀bù

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn oníbàárà ń fi bàtà tútù wọlé, omi fíríìsà sì ti ń kán sílẹ̀ látìgbà tí iná ti lọ lóru. Ọmọbìnrin tó ń to ọjà gbé páálí ńlá mọ́ àyà, kò rí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ yọ̀, ó di gbì! Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sáré dé, ó ti dìde. Ó ní, "Kò sí nǹkan." Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wú.

Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà á. Wọ́n lè ní kò fara balẹ̀, kí wọ́n sì yọ owó ọjà tó fọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Nílé, wọ́n á fi òrí ra á, ìyá rẹ̀ á sì máa ro ẹni tó ń ṣe ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀, omi fíríìsà ló ṣe é, gbogbo wọn ló sì ti ń fò ó kọjá láti àárọ̀.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: wáyà jẹnẹrétọ̀ tó dábùú ọ̀nà, táìlì tó ti ṣí, epo pupa tó dà sílẹ̀, páálí tí wọ́n gbàgbé sí ojú ọ̀nà. Àga oníke tí wọ́n ń gùn láti mú ọjà òkè ló burú jù. Ọ̀gá a máa ra kámẹ́rà mẹ́rin láti ṣọ́ olè, kó má ra àkàbà kan ṣoṣo!

Nàìjíríà ní òfin ẹ̀san ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Agbanisíṣẹ́ ní láti máa san ó kéré tán náírà 1 lórí náírà 100 owó oṣù tó ń san, sí àpò tó wà lọ́wọ́ àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Kódà bí òṣìṣẹ́ bá tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní gba ẹ̀san, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àmọ́ ó ní ọjọ́. Láàárín ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ó dára kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi fóònù ya ilẹ̀ náà kí wọ́n tó nù ún, kó sì tọ́jú káàdì ọsibítù. Kó gba orúkọ ẹni tó gbé e dìde pẹ̀lú.