Fáìlì àtijọ́ kì í ṣe òkú: bí àkọsílẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ṣe lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà tuntun

Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Ètò tó gbòde lánàá lè di ohun ìgbàgbé lónìí, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe ṣì lè wúlò.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan wà nílùú Òrè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Láti ọdún 1992 ni akọ̀wé wọn ti ń fi dBASE ṣe àkọsílẹ̀ owó tí olúkúlùkù fi pamọ́ àti èyí tó yá. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan jáde láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè owó bàbá wọn, kọ̀ǹpútà tuntun sì kọ̀, kò ṣí fáìlì náà.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ètò DOS ni wọ́n ṣe dBASE àtijọ́ fún, Windows òde òní kò sì gba irú rẹ̀ láàyè mọ́. Lọ́dún 1991 ni Borland ra Ashton-Tate, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dBASE. FoxPro tó jọ ọ́ bọ́ sọ́wọ́ Microsoft lọ́dún 1992, ilé-iṣẹ́ náà sì dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró lọ́dún 2015. Ètò ló kógbá wọlé, àkọsílẹ̀ kò sọnù.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojúlówó. Fáìlì tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .dbf yóò ṣí nínú LibreOffice Calc, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí .dbt tàbí .fpt tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá wà, kí wọ́n jọ wà lójú kan, nítorí inú wọn ni àlàyé gígùn máa ń wà. Bí LibreOffice bá béèrè irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, ti ayé DOS, bíi 437 tàbí 850, ni kí wọ́n kọ́kọ́ yàn.

Bí ẹgbẹ́ náà bá ṣì ní ètò àtijọ́ ọ̀hún lọ́wọ́, DOSBox, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, lè mú un ṣiṣẹ́, nítorí ńṣe ló ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí, kí akọ̀wé fi iye ọmọ ẹgbẹ́ àti àròpọ̀ owó wé ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ. Bí wọ́n bá ṣe déédéé, kí ó tọ́jú ẹ̀dà CSV, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò lè kà, sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀tọ́ olóògbé yóò tó tẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.