Àmójútó Àléébù nínú Ààbò Kọ̀ǹpútà: Àlàyé Ṣókí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè ayé àtijọ́ fi òkè àpáta ṣe odi; síbẹ̀, odi ní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sì ni à ń ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àmójútó àléébù nínú ààbò kọ̀ǹpútà rí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí: kíka gbogbo ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ní, wíwá àléébù wọn, títo àléébù bí ewu rẹ̀ ti tó, àti dídí i. Títò yìí ni ó gba òye jù. Òṣùwọ̀n CVSS ń díwọ̀n àléébù láti 0 dé 10; ṣùgbọ́n àléébù 7 lára ẹ̀rọ tí ó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì lè léwu ju 9 lára èyí tí a dá sọ́tọ̀ sí kọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe àléébù kan jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba ojú àléébù yẹn kan náà wọ inú àwọn ẹ̀rọ tí a kò tíì tún ṣe, ó sì da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, rírí àléébù kò tó. Kí a dí i lásìkò ni iṣẹ́.