Ṣé Igi Bíréèkì Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É? Físíìsì Orí Tábìlì Sínúkà

Tí ẹ bá ń gbé Bàrúwà bíi tèmi, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí tábìlì sínúkà lábẹ́ kánópì. Sínúkà là ń pè é, àmọ́ bọ́ọ̀lù 22 ni sínúkà gidi ń lò, lórí tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tí àwa ń gbá lórí tábìlì kékeré, pupa 7, yẹ́lò 7, dúdú 1 àti funfun tí a fi ń gbá wọn, English pool ni wọ́n ń pè é nílùú òyìnbó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gẹ irun ládùúgbò wa fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ ra igi kejì. Ó ti ní igi tó fi ń gbá géèmù. Igi bíréèkì ló ń wá báyìí, èyí tí wọ́n fi ń gbá ẹyọ kan péré, ìyẹn àkọ́gbá tó ń tú àwọn bọ́ọ̀lù ká. Orí rẹ̀ máa ń le, òun fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń wúwo ju igi tó kù lọ. Ó ní, "Ṣebí físíìsì lò ń kà, bá mi wò ó: ṣé kí n rà á?" Owó àjọ kì í ṣe owó ẹ̀fẹ̀, torí náà mo jókòó, mo ṣírò ó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí igi bá kan bọ́ọ̀lù?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1835 ni Gaspard-Gustave de Coriolis, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti kọ odindi ìwé kan lórí ìṣirò bílíádì. Igi àti bọ́ọ̀lù kì í wà pọ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ohun gbogbo tẹ́ ẹ fẹ́ fún bọ́ọ̀lù, àárín ìgbà kékeré yẹn lẹ máa fún un. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

ìyára bọ́ọ̀lù = ìyára igi × (1 + e) ÷ (1 + ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ÷ ìwọ̀n igi)

Ẹ má jẹ́ kí e yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó ń sọ ni bí orí igi ṣe ń ta bọ́ọ̀lù padà tó. Tó bá jẹ́ 1, kò sí agbára kankan tó ṣòfò. Tó bá jẹ́ orí awọ, e máa ń wà ní nǹkan bíi 0.73. Tó bá jẹ́ orí líle tí wọ́n fi phenolic ṣe, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bíi 0.85.

Ṣé kí igi wúwo sí i?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó dànù. Bọ́ọ̀lù funfun English pool kéré. Lórí ọ̀pọ̀ tábìlì tó ń gba owó ẹyọ, mìlímítà 48 ni fífẹ̀ rẹ̀, àwọn tó kù jẹ́ 51, kí tábìlì lè dá funfun mọ̀ tó bá já sí ihò, kó sì dá a padà. Nǹkan bíi gíráàmù 95 ló wọ̀n. Tí igi bá jẹ́ gíráàmù 500, bọ́ọ̀lù á gba ìyára igi ní ìlọ́po 1.45. Ẹ sọ igi di 600, ó di 1.49. Gbogbo irin tí wọ́n fi kún un, ìdá 3 nínú 100 péré ló mú wá, ìyẹn tí apá yín bá ṣì lè ju igi wíwúwo náà bẹ́ẹ̀ ṣe ń ju ti tẹ́lẹ̀. Ta ló lè ṣe é? Tábìlì ńlá ti Amẹ́ríkà, tí funfun rẹ̀ tó gíráàmù 170, ni ìwọ̀n igi ti ń ní ìtumọ̀ díẹ̀ sí i.

Orí líle ńkọ́?

Èyí lóòótọ́ ní nǹkan nínú. Láti 0.73 sí 0.85, ìyára bọ́ọ̀lù á fi ìdá 7 lé sí i. Torí pé agbára ń tẹ̀lé ìyára lọ́nà méjì, ìyẹn tó ìdá 14 agbára. Kò burú rárá!

Àmọ́ ẹ wo èyí. Ká ní ẹ fojú sun bọ́ọ̀lù iwájú, tí funfun sì fi sẹ̀ǹtímítà 1 yẹ̀ kúrò ní àárín rẹ̀, ẹ ti pàdánù ìdá 4 nínú agbára tó yẹ kó wọ bọ́ọ̀lù yẹn. Tó bá yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ó di ìdá 16. Ẹ̀bùn 14, gbèsè 16. Sẹ̀ǹtímítà 2 kò tó fífẹ̀ ìka méjì o, ó sì ti jẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fowó rà. Bẹ́ẹ̀, bí apá bá ṣe ń sáré tó ni ọwọ́ ṣe ń ṣì tó.

Òfin eré náà pàápàá kò béèrè agbára erin. Nínú òfin blackball, tí bọ́ọ̀lù kan bá wọ ihò, tàbí tí méjì bá kọjá ìlà àárín tábìlì, bíréèkì ti dára. Ẹ gbá a jù, kí funfun fò bọ́ sílẹ̀, alátakò yín ló máa gbádùn rẹ̀. Tí àlàfo bá sì wà láàárín àwọn bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ tò, orí líle kò ní bá yín dí i.

Ibi tí igi kejì ti wúlò

Orí igi English pool kéré, mìlímítà 8 sí 9 ni, nígbà tí ti Amẹ́ríkà máa ń tó 12 tàbí 13. Bíréèkì ni ìgbá tó le jù nínú géèmù. Tẹ́ ẹ bá ń fi igi kan náà gbá a lójoojúmọ́, awọ orí rẹ̀ á tẹ́, á fẹ̀ jáde létí, ṣọ́ọ̀kì kò sì ní dúró dáadáa lára rẹ̀ mọ́. Igi tẹ́ ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó nílò ọgbọ́n ló máa jìyà rẹ̀. Torí náà, kéèyàn ya igi bíréèkì sọ́tọ̀, ọgbọ́n ni.

Àmọ́ yíyà á sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí rírà á. Igi oní-tábìlì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ yí i lórí tábìlì: tí kò bá fò sókè-sódò, ó tọ́. Ẹ wo orí rẹ̀ pé awọ rẹ̀ kò mì. Òun ni kẹ́ ẹ fi gbá bíréèkì, kẹ́ ẹ wá mú igi tiyín fún ìyókù géèmù.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra ti orí líle, ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù sẹ́yìn tábìlì, kẹ́ ẹ ya bíréèkì 20 ní fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí funfun kan àárín bọ́ọ̀lù iwájú. Tó bá tó 15, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìdá 14 yẹn. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú owó àjọ yín jàre. Ìfojúsùn lẹ nílò, wọn kì í sì í tà á ní ṣọ́ọ̀bù.